Olóòtú, ẹ bá mi dá bàbá yẹn lóhùn lórí ọ̀rọ̀ káńsẹ́lọ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, Ọlọ́run á túbọ̀ máa fún yín lókun. Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín nípa àwa tá a wà ní Amẹ́ríkà àtàwọn ọmọ wa, níbi tí wọ́n ti ní òyìnbó ti sọ wá di ọ̀lẹ, pé nǹkan kékeré tó bá ti ṣẹlẹ̀ báyìí a máa ní a fẹ́ lọ rí káńsẹ́lọ̀ (kì í ṣe ti ìjọba ìbílẹ̀ o, ẹni tó ń tọ́jú ọkàn èèyàn ni), a máa lọ jókòó síwájú àjèjì a máa sunkún, pé nígbà ogun Biafra ta ló lọ rí káńsẹ́lọ̀, pé ojú kì í ríbi kó fọ́. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá o, mi ò bá àgbà ṣe ìjà. Ṣùgbọ́n mi ò lè dákẹ́ sọ́rọ̀ yẹn, nítorí ibi tí mò ń gbé àti iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Nọ́ọ̀sì ni mí, ìpínlẹ̀ New York ni mo wà, apá òkè lọ́hùn-ún níbi tí yìnyín ti máa ń bo mọ́tò, kì í ṣe ìlú New York tẹ́ ẹ máa ń rí nínú fíìmù. Buffalo ò jìnnà sí wa. Ọ̀rọ̀ Buffalo ni mo sì fẹ́ fi dá bàbá lóhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbàgbé, ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni, Sátidé, lọ́sàn-án. Ọmọkùnrin òyìnbó kan, ọmọ ọdún 18 péré, wa mọ́tò láti ìlú Conklin, ìrìn bíi 200 máìlì, ó wá sí súpámákẹ́ẹ̀tì Tops tó wà ní Jefferson Avenue, ní apá ìlà oòrùn Buffalo. Kò sọnù débẹ̀ o. Ó ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ti wá àdúgbò tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti pọ̀ jù lọ nítòsí ẹ̀, síìpù kóòdù lásán, ìyẹn nọ́ńbà àdúgbò tí wọ́n ń kọ sára lẹ́tà, ló fi mú wọn. Ó pa èèyàn 10, ó ṣe 3 léṣe, gbogbo àwọn 10 tó kú ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ìyá àgbà kan wà nínú wọn, Ruth Whitfield, ẹni ọdún 86, ilé ìtọ́jú tí ọkọ wọn wà ni wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n ní kí àwọn kàn yà ra nǹkan díẹ̀. Bàbá kan wá ra kéékì ọjọ́ ìbí ọmọ ẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 3. Aaron Salter, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì tó ń ṣe síkúríìtì níbẹ̀, yìnbọn padà fún ọmọ yẹn, ọta ba ọmọ náà, àmọ́ aṣọ tí ọta ò lè wọ̀ ló wọ̀, Salter náà bá bógun lọ. Obìnrin kan tún wà tó ń jẹ́ Katherine Massey, ẹni ọdún 72. Olóòtú, ẹ gbọ́ o, ọdún kan ṣáájú ni obìnrin yìí kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Buffalo News pé kí ìjọba àpapọ̀ jọ̀ọ́ ṣe òfin tó le lórí ọ̀rọ̀ ìbọn. Lẹ́tà sí olóòtú, irú èyí tí èmi náà ń kọ lọ́wọ́ yìí.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀ gbogbo ayé ti dé. Biden tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà dé lọ́jọ́ 17, àwọn tẹlifíṣọ̀n dé, àwọn pásítọ̀ dé, àwọn káńsẹ́lọ̀ náà dé. Ọjọ́ mẹ́wàá sí ọjọ́ yẹn ni ìbọn tún dún nílé ìwé Uvalde ní Texas, gbogbo kámẹ́rà bá kó ẹrù, ó di Texas. Ohun tí mo fẹ́ kí bàbá mọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ yẹn gan-an, lẹ́yìn tí kámẹ́rà lọ.

Ohun tí bàbá rò pé káńsẹ́lọ̀ ń ṣe ni kó fi ìwé sórí itan, kó ní "sọ fún mi, báwo ló ṣe rí lára ẹ", kẹ́ni tó wà níwájú ẹ̀ bú sẹ́kún. Èyí tó mọṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Ohun tó máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé ṣé ẹ ti jẹun, ṣé ẹ ti rí àwọn èèyàn yín, ta ló máa sùn tì yín lálẹ́ yìí, oògùn ìfúnpá yín ńkọ́, ṣé ó wà nílé àbí inú báàgì tẹ́ ẹ jù sílẹ̀ sá ló wà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìwé kan jáde lórí ẹ̀ ní 2011, gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ò sì ju pé wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, tẹ́tí sí i, kó o so ó pọ̀ mọ́ ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Nígbà kan, wọ́n máa ń kó gbogbo àwọn tí aburú ṣojú wọn jọ sí yàrá kan láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á ní kí kálukú sọ gbogbo ohun tójú ẹ̀ rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìgbà kan ṣoṣo, ó parí, wọ́n lérò pé tó bá ti jáde lẹ́nu ó ti jáde nínú. Àwọn oníṣègùn ṣe àyẹ̀wò ẹ̀ títí, wọ́n rí i pé kò dènà nǹkan kan, àwọn míì tiẹ̀ burú sí i. Wọ́n ti ní kí wọ́n jáwọ́ ńbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á sọ, ẹni tí ò bá fẹ́, wọ́n á bá a dákẹ́.

Ẹ wá wò ó, bàbá, ṣé ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe nílé ọ̀fọ̀ kọ́ nìyẹn? Kò sẹ́ni tó máa wọlé bá opó kó bi í pé báwo ló ṣe rí lára ẹ. Wọ́n á ní ẹ kú ará fẹ́ra kù, wọ́n á gba ọmọ ọwọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹnìkan á dáná, ẹnìkan á gbálẹ̀, wọ́n á jókòó tì í. Nítorí náà kẹ́ ẹ má sọ pé nǹkan òyìnbó ni. Tiwa ni, a kàn ti gbé e jù sílẹ̀ nígbà tá a dé ìlú tí kálukú ń lọ síbi iṣẹ́ ní aago márùn-ún ìdájí.

Ìyàtọ̀ tó wà ńbẹ̀ ni pé ọ̀fọ̀ tiwa ní ọjọ́ tó máa parí, ṣùgbọ́n irú ọ̀fọ̀ yìí kì í parí báyẹn. Bí nǹkan bíi oṣù kan bá kọjá tí ara èèyàn ò tíì balẹ̀ ni wọ́n tó ń sọ pé àìsàn ló dà yìí. Ẹni náà ò rí oorun sùn, tí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn mọ́tò gbà á bẹ́ sílẹ̀, tó bá di ọjọ́ 4 oṣù keje tí gbogbo Amẹ́ríkà ń yin báńgà torí òmìnira wọn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà. Ìtọ́jú wà fún un o, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan wà tó jẹ́ bíi ìjókòó 12, wọ́n á máa tú ohun tẹ́ni náà ń sọ fún ara ẹ̀ wò díẹ̀díẹ̀, bíi "èmi ló yẹ kí n kú, torí èmi ni mo rán màmá mi lọ ra wàrà". Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri nínú láìsọ fẹ́nì kan. Àdúrà dáa, mo ń gbàdúrà, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tó bá gbàdúrà lórí ẹsẹ̀ tó kán tí ò tún gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn tàbí teegunteegun.

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ wá le ju bí ìwé ṣe kọ ọ́ lọ. Ìwé sọ pé díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n mú ẹni tẹ́rù ń bà padà dé ibi tó ń sá fún. Ó dáa. Ṣùgbọ́n Tops yìí, òun nìkan ni súpámákẹ́ẹ̀tì gidi tó wà ládùúgbò yẹn. Àwọn ará ibẹ̀ jà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó ṣí i fún wọn ní 2003, kó tó dìgbà náà ṣọ́ọ̀bù igun títì tó ń ta ọtí àti bisikíìtì ló pọ̀. Nígbà tí wọ́n tì í pa lẹ́yìn ìbọn yẹn, oúnjẹ di ìṣòro, ńṣe ni wọ́n ń fi bọ́ọ̀sì kó èèyàn lọ sí ibòmíì lọ rajà. Ọjọ́ 15 oṣù keje ni wọ́n tún un ṣí, wọ́n ti tún gbogbo inú ẹ̀ ṣe. Àwọn kan ní ó dáa, ebi ń pa wá. Àwọn kan ní àwọn ò lè fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́ láyé. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà. Ẹni tó ń gbé àdúgbò olówó, tó bá ń bẹ̀rù ṣọ́ọ̀bù kan á wakọ̀ lọ sí òmíì, káńsẹ́lọ̀ ẹ̀ á ní òpin ọdún tó ń bọ̀ ni kó tó padà dán an wò. Ìyá àgbà tí ò ní mọ́tò ní Jefferson, ibi tí wọ́n ti pa ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà ló ti máa ra ata àti ẹyin lọ́sẹ̀ yìí. Káńsẹ́lọ̀ tó bá wá láti òkèèrè fún ọ̀sẹ̀ méjì ò lè mọ ìyẹn. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, òun ló lè sọ pé màmá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ láago mẹ́jọ àárọ̀ kí èrò tó pọ̀, ká kàn ra búrẹ́dì ká jáde.

Ohun kan tún wà tó máa ń bí mi nínú. Nínú ìtọ́jú irú àìsàn yìí, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ẹni tára ń ṣe ni pé ewu yẹn ti kọjá, pé ọkàn rẹ ló ṣì ń pariwo. Ó jẹ́ òótọ́ fẹ́ni tí mọ́tò já lù. Ṣé òótọ́ ni fún aláwọ̀ dúdú tí wọ́n yìnbọn fún torí àwọ̀ ẹ̀? Oṣù kẹjọ 2023, ní Jacksonville ní Florida, òyìnbó míì tún wọ ṣọ́ọ̀bù Dollar General, ó pa aláwọ̀ dúdú mẹ́ta. Kí Buffalo tó ṣẹlẹ̀, Charleston ti ṣẹlẹ̀ ní 2015, inú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì, apààyàn náà jókòó tì wọ́n fún nǹkan bíi wákàtí kan kó tó pa mẹ́sàn-án nínú wọn. Tí káńsẹ́lọ̀ bá wá ń sọ fún ẹni tó yè ní Buffalo pé ẹ̀rù tó ń bà á ti pọ̀ jù, ó ti purọ́ fún un, ẹni náà ò sì ní padà wá mọ́. Èyí tó mọ ohun tó ń ṣe á bá a ya ẹ̀rù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: èyí yìí ń dáàbò bò ẹ́, máa wo ibi tí ìlẹ̀kùn wà tó o bá wọlé, kò burú. Èyí yìí ti fẹ́ há ẹ mọ́lé, ìyẹn la máa bá jà. Kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lè la ẹnu ẹ̀ sọ pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ló pa wọ́n. Ọ̀pọ̀ ò lè sọ ọ́ o. Wọ́n á ní "ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ yẹn", bí ẹni pé òjò ló rọ̀.

Tí wọ́n bá sì sọ pé àwọn dúdú kì í fẹ́ lọ rí káńsẹ́lọ̀, ẹ bi wọ́n kí ló fà á. Ní 1851 oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Samuel Cartwright jókòó, ó kọ ọ́ pé ẹrú tó bá sá kúrò lọ́dọ̀ olówó ẹ̀, àìsàn ọpọlọ ló ń ṣe é, ó tiẹ̀ fún àìsàn náà lórúkọ, ó sì ní pàṣán wà lára ohun tí wọ́n fi ń wò ó. Láti 1932 títí di 1972 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ń wo àwọn ọkùnrin dúdú tó ní àrùn rẹ́kórẹ́kó ní Tuskegee láìtọ́jú wọn, wọ́n kàn fẹ́ mọ bó ṣe máa pa wọ́n. Ìgbà wo ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ọkàn ní Amẹ́ríkà tó tọrọ àforíjì lórí ohun tí iṣẹ́ wọn ti ṣe fáwọn dúdú? Oṣù kẹwàá ọdún 2021. Oṣù méje péré kí Buffalo tó ṣẹlẹ̀. Nínú onímọ̀ ọkàn 100 lórílẹ̀-èdè yẹn, àwọn aláwọ̀ dúdú ò ju bíi márùn-ún lọ. Ẹ wá ro ó wò, aláwọ̀ funfun ló yìnbọn, aláwọ̀ funfun ló wá jókòó síwájú rẹ pé kó o tú ọkàn rẹ sílẹ̀. Kì í ṣe pé òyìnbó ò lè ṣe é dáadáa, mo mọ àwọn tó ń ṣe é tọkàntọkàn, àmọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ pọ̀ ju ti ẹlòmíì lọ, ó sì yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó wọlé.

Àdúgbò yẹn gan-an, kì í ṣe ọjọ́ 14 yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é léṣe. Títì kan wà níbẹ̀ nígbà kan, Humboldt Parkway, igi ló wà lọ́tùn-ún lósì, àwọn èèyàn ń ṣeré lábẹ́ ẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1950 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1970 ni ìjọba la ọ̀nà márosẹ̀ Kensington gba àárín ẹ̀, wọ́n gé igi, wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá, ilé wó, àdúgbò pín sí méjì, kí àwọn tó ń gbé ìgboro ìta lè tètè débi iṣẹ́. Ẹni tó bá wá fẹ́ tọ́jú ọkàn àwọn ará ibẹ̀, tí kò gbọ́ ìtàn ọ̀nà yẹn, apá kan ọgbẹ́ ló rí.

Ẹ má sì jẹ́ kí n gbàgbé àwọn tí ìbọn ń pa ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí Ààrẹ kì í wá kí. Àwọn ọmọ dúdú tí ìbọn ń pa lórí títì ní Chicago, Baltimore, Buffalo náà, lálẹ́ Friday, èèyàn kan, èèyàn méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ju ti òyìnbó lọ ni ìbọn ń gbà pa aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà tó bá jẹ́ ti ìpànìyàn, tẹ́ ẹ bá wò ó níye sí iye. Ìyá tí wọ́n pa ọmọ ẹ̀ lórí títì kì í rí káńsẹ́lọ̀ tó wá kan ìlẹ̀kùn ẹ̀, ọlọ́pàá tó wá bèèrè bóyá ọmọ náà wà nínú gáńgì ló máa rí. Ní Oakland láti 1994 ni àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan tí mo fẹ́ràn gan-an: tí wọ́n bá gbé ọmọ tí wọ́n yìnbọn fún wọ ọsibítù, ẹnìkan á wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, ẹni tó ti gbé irú títì yẹn rí, tí wọ́n ti lè yìnbọn fún òun náà rí, á bá a sọ̀rọ̀ kí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó jáde lọ gbẹ̀san, á sì máa bá a lọ fún oṣù lẹ́yìn tó bá délé, iṣẹ́, ilé ìwé, kóòtù, gbogbo ẹ̀. Chicago náà bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2000, àwọn tó ti ṣe ọmọ ìta rí ni wọ́n ń rán lọ làjà. Èmi ń rí irú wọn níbi iṣẹ́. Kò sí ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn, owó tí wọ́n ń san fún wọn kéré, wọ́n á ti òkú kan bọ́ sórí òkú míì, fóònù wọn ń dún láago méjì òru, kò wá sẹ́ni tó ń bi àwọn náà pé ṣé ẹ sùn. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbọ̀n tí wọ́n bá dá wà. Tí mo bá ní owó ìjọba lọ́wọ́, àwọn ni mo máa kọ́kọ́ wá káńsẹ́lọ̀ fún.

Ọ̀rọ̀ owó náà wá ni. Lẹ́yìn Buffalo àti Uvalde, Biden fọwọ́ sí òfin kan ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà 2022, owó tó pọ̀ wà nínú ẹ̀ láti fi gba àwọn káńsẹ́lọ̀ sílé ìwé. Àwọn ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ orúkọ wọn. Nígbà tó di oṣù kẹrin 2025, ìjọba Trump ní àwọn ò ṣe mọ́, wọ́n ní àwọn máa dá nǹkan bíi bílíọ̀nù kan dọ́là dúró nínú owó yẹn. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti gbé wọn lọ sí kóòtù. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọmọ tó bá ti fọkàn tán ẹnìkan, tó wá lọ ní ọjọ́ Monday tí wọ́n sọ fún un pé ẹni náà ò sí mọ́, o fẹ́ kó tún fọkàn tán ta?

Ó wá ku àwa Yorùbá. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, olóòtú, ẹ má yọ ibí yìí kúrò. Ọ̀pọ̀ wa lọ́hùn-ún máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn akátá nìyẹn, kò kàn wá, àwa wá ṣiṣẹ́ ni, àwọn ọmọ tiwa ń ka dókítà. Amadou Diallo, ọmọ Guinea, tó ń ta ọjà ní New York, ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀ ló wà ní oṣù kejì 1999, pọ́ọ̀sì ló ń fà yọ, ọlọ́pàá mẹ́rin yin ọta 41, 19 bà á. Alfred Olango, ọmọ Uganda, ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀, ọmọ ìyá ẹ̀ obìnrin ló fúnra ẹ̀ pe 911 pé kí wọ́n wá ràn án lọ́wọ́, ní El Cajon, California, 2016, ọlọ́pàá ló dé, ọlọ́pàá ló pa á. Ta ló bi wọ́n bóyá akátá ni wọ́n tàbí ọmọ Áfíríkà? Ọmọ tó yan Tops lórí máàpù yẹn, tí ìyàwó ilé láti Ìbàdàn bá ti wọlé lọ ra ìrẹsì lọ́jọ́ náà, ó ti kún wọn nìyẹn.

Àwọn ọmọ wa sì ń gbé e sára láìsọ. Ní ilé ìwé wọn, wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa sá pamọ́ sábẹ́ tábìlì tí oníbọn bá wọlé, ọmọ ọdún márùn-ún, wọ́n á pa iná, wọ́n á ní ẹ má mí. Láti 2020, ìbọn ló ń pa àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ jù ní Amẹ́ríkà, ó ti ju mọ́tò lọ. Ọmọ á wá délé, á ní inú ń run òun, òun ò lọ sílé ìwé. Àwa á ní o ò ní í ya ọ̀lẹ nílé tèmi, ṣé o mọ iye tí mò ń san? Tó bá le, a gbé e lọ bá pásítọ̀ tàbí ààfáà. Mi ò ní kẹ́ ẹ má gbé e lọ. Ẹ kàn ní kí pásítọ̀ náà mọ ìgbà tó yẹ kó sọ pé màmá, ẹ tún mú ọmọ yìí lọ síbi báyìí. Àwọn pásítọ̀ dúdú ní Buffalo ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ káńsẹ́lọ̀ ibẹ̀ sì mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹnu ọ̀nà, tí ṣọ́ọ̀ṣì ò bá fọwọ́ sí i kò sẹ́ni tó máa wá.

Ẹ tún wo ti Charleston. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ọmọ yẹn pa àwọn èèyàn wọn, àwọn kan nínú ẹbí dìde ní kóòtù, wọ́n ní àwọn dárí jì í. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Àwa náà pín in lórí WhatsApp, a ní ẹ wo ìgbàgbọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidi. Ṣùgbọ́n àwọn míì wà nínú ẹbí náà tí ò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni, tí wọ́n ṣì ń bínú, àwọn èèyàn sì ń wò wọ́n bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Káńsẹ́lọ̀ gidi ò ní fi ìdáríjì lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bínú fún ọdún mẹ́wàá, kó bínú, káńsẹ́lọ̀ á máa rí i pé ìbínú náà ò jẹ ẹ̀dọ̀ ẹ̀.

Ohun tó kẹ́yìn tí mo fẹ́ bá bàbá sọ ni ti wèrè. Bàbá kọ ọ́ pé àwọn oníbọn yẹn, wèrè ni wọ́n, ká kàn máa gbàdúrà kí Ọlọ́run má jẹ́ ká ko wèrè. Ẹ jọ̀ọ́ o. Ọmọ Conklin yẹn kọ ìwé tó tó ojú ewé 180, ó ṣàlàyé ẹ̀ kedere pé àwọn dúdú àtàwọn àjèjì fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ òyìnbó. Ọdún kan ṣáájú, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ nílé ìwé pé òun fẹ́ pààyàn kóun sì pa ara òun, wọ́n gbé e lọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó lè máa lọ, ó sì ra ìbọn lẹ́yìn náà láìsẹ́ni tó dá a lẹ́kun. Èyí tó wà nínú ẹ̀ yẹn, ẹ̀kọ́ ni, wọ́n kọ́ ọ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí ọpọlọ wọn ò dá, tí èmi ń tọ́jú lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ò lè pa eṣinṣin. Nínú èèyàn tó lé ní 48,000 tí ìbọn pa ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2022, ó ju ìdajì lọ tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló pa ara wọn. Ìyẹn ni iṣẹ́ àwọn káńsẹ́lọ̀ ti pọ̀ jù lọ, ìyẹn sì ni àwa kì í fẹ́ sọ, ẹni bá ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìdílé, a máa ní ìfúnpá ni.

Olóòtú, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ gbé ìròyìn irú èyí jáde, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi nọ́ńbà 988, tí ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ tàbí tó ń rò ó pé òun fẹ́ pa ara òun lè pè, sísàlẹ̀ ẹ̀ fáwọn tó wà ní Amẹ́ríkà, tọ̀sán tòru ni, ọ̀fẹ́ ni, èèyàn lè pè é tàbí kó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ọjọ́ 16 oṣù keje 2022 ni wọ́n ṣí i. Mo mọ̀ pé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Olango àwọn míì ń bẹ̀rù pé ọlọ́pàá ló máa dé, ẹ sọ fún wọn pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìpè yẹn, orí fóònù ló ti ń parí. Èkejì, fídíò. Ọmọ Conklin yẹn ń gbé e jáde láàyè lórí Twitch, ìkànnì fídíò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bó ṣe ń pààyàn, wọ́n gé e láàárín ìṣẹ́jú méjì, àmọ́ àwọn kan ti gbà á sílẹ̀. Àwọn ẹbí àwọn tó kú ò lè tan fóònù wọn. Ó dé orí WhatsApp tiwa náà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú wa, àtọwọ́dọ́wọ́, wọ́n kọ "ẹ wo ohun tí òyìnbó ń ṣe" sí i. Ẹ bá wa kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yín pé ẹni tó bá rí irú ẹ̀ kó pa á rẹ́, kó má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹta, àwọn ọmọ wa tó ń ka sóṣíà wọ́kà tàbí ẹ̀kọ́ nípa ọkàn, tí àwọn òbí wọn ń pè ní ìwé lásán tí ò lè di dókítà, ẹ wá ọ̀kan nínú wọn kẹ́ ẹ fún un ní kọ́lọ́ọ̀mù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó máa kọ ọ́ ní Yorùbá. Bàbá náà á máa kà á, mo dá a lójú, torí bàbá kì í fo ojú ewé kankan nínú ìwé ìròyìn yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá kan, ìpínlẹ̀ New York